Àwẹ̀ró Onígbá àti Ìnàkí tó Gbé Ohùn Orin Sókè

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá gbà-á, ó rọ́ gìrì, ó gba ọ̀nà oko kọjá, ó balẹ̀ sí etí odò, ó wá dá lórí Àwẹ̀ró, ọmọbìnrin tó ń fọ igbá, àti Ìnàkí, olórí àwọn akọrin.

Ẹ sún mọ́ iná. Orin wà nínú ààlọ́ yìí, ẹ̀yin lẹ ó sì máa gbè é. Ègbè náà kò le rárá. “Ẹ bá mi fọgbá,” kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ohùn yín wà nílẹ̀ níbi “fọ” yẹn, bí ìgbà tí ẹ bá ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ má gbé e sókè. Ẹni tó bá gbé e sókè, tó délé tó bá igbá ìyá rẹ̀ ní méjì, kó má wá mi wá.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko jọ ń gbé ìlú kan náà, opó kan wà ní Òkè-Ìràwé tó ń ṣe igbá. Ó ń gbìn ín, ó ń ká a, ó ń là á, ó ń rì í sínú odò títí inú rẹ̀ á fi rà. Iṣẹ́ tó bá kù lẹ́yìn ìyẹn, ti Àwẹ̀ró ọmọ rẹ̀ ni. Àwẹ̀ró á kúnlẹ̀ létí odò, á fi ìkarawun ha inú igbá, hẹrẹ, hẹrẹ, hẹrẹ. Á fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, wẹrẹ, wẹrẹ, wẹrẹ. Á sì sá a sórí àpáta.

Bó ṣe ń fọ̀ ọ́ ló ń dá orin. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó dá orin fún òjò tó ń rọ̀ sórí ewé. Ó dá orin fún bàbá rẹ̀ tó ti kú, tó kọ́kọ́ gbin ìtàkùn igbá wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó fẹ́ràn jù ni orin igbá fífọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà ìlú náà fún yín, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Ní Òkè-Ìràwé, tí ẹnì kan bá da orin iṣẹ́, ẹni tó bá gbè é gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ tí orin náà bá pè. Tí orin bá ní kí wọ́n ro oko, ẹni tó gbè é á mú ọkọ́. Tí orin bá ní kí wọ́n po amọ̀, ẹni tó gbè é á wọ inú amọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ á pa ẹnu mọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é, ọba pàápàá kì í yẹ̀ ẹ́.

Ìnàkí ni olórí àwọn akọrin ìlú náà. Àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìlú gbọ́ orin òun, abẹ́ Ìnàkí ló ń lọ. Ìnàkí á fún un láṣọ, á fún un ní ìjókòó, á mú un lọ sí ibi tí èrò pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, orin yòówù tó bá dá, orin Ìnàkí ni wọn yóò máa pè é. Ìjímèrè dá orin ìkórè kan tó dùn débi pé àwọn àgbà ń nu ojú. Orin Ìnàkí ni wọ́n pè é. Ẹtù dá orin ìyàwó. Orin Ìnàkí ni wọ́n pè é. Ojú Ìjímèrè báyìí ni wọ́n ti ń yin Ìnàkí, Ìjímèrè á kàn máa wo ilẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró ń fọ igbá, ó ń kọrin. Kọ̀ǹkọ̀ yọrí láti inú omi, bọ́lọ́.

“Ta ló kọ́ ọ ní orin yẹn?”

“Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo ń fọ igbá ni, ó bá jáde.”

“Ó jáde? Èmi náà ń jáde lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó ń gbè mí.”

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. Kọ̀ǹkọ̀ ní, “Kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. N ó máa gbè é.”

“Kọ̀ǹkọ̀, o mọ àṣà. Ọwọ́ wo lo fẹ́ fi fọ igbá?”

“Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni mo gbé wá yìí. Fa èyí tó bá wù ọ́ nínú wọn.”

Àwẹ̀ró bá da orin:

Igbá ti oko dé o,
Ẹ bá mi fọgbá.
Inú rẹ̀ kò tíì mọ́ o,
Ẹ bá mi fọgbá.
Ẹ rọra, ẹ fọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú un,
Ẹ bá mi fọgbá.
Ará ilé fẹ́ mumi o,
Ẹ bá mi fọgbá.

Ohùn Kọ̀ǹkọ̀ kì í gòkè. Ìsàlẹ̀ ló wà látọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Nítorí náà, “fọ” rẹ̀ ń balẹ̀ bí òkúta tó já sínú omi jíjìn. Àwọn méjèèjì fọ igbá títí, iṣẹ́ náà kò rẹ̀ wọ́n.

Ìnàkí ń kọjá lọ lókè odò. Ó gbọ́, ó dúró, ó sọ̀ kalẹ̀.

“Ọmọ yìí, ohùn rẹ dára. Wá sábẹ́ mi. N ó fún ọ ní aṣọ tí wàá fi bọ́ àkísà yìí.”

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, “Ẹ ṣé, bàbá. Tí mo bá kọ orin mi níbẹ̀, orúkọ ta ni wọn yóò máa pè?”

“Orúkọ mi ni. Ta ló mọ̀ ọ́?”

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣì máa kọ ọ́ létí odò ná.”

Ìnàkí wo Kọ̀ǹkọ̀ láti òkè dé ilẹ̀. “Ègbè rẹ rèé?”

“Èmi ni, bàbá,” Kọ̀ǹkọ̀ dáhùn. “Àwọn yòókù ń bọ̀ lọ́nà.”

Wọ́n sì ń bọ̀ lọ́nà lóòótọ́. Nígbà tí igbá gbẹ, Àwẹ̀ró kó o, ó ń gbé e lọ sílé. Ó dé oríta, ó bá àwọn obìnrin onígi níbi tí wọ́n ti sọ ẹrù, tí wọ́n ń sinmi. Eruku ti bo igbá, ló bá bu omi díẹ̀, ló bá da orin. Àwọn obìnrin náà kọ́kọ́ dákẹ́, nítorí iṣẹ́ igi ti tó wọn. Ìyá arúgbó kan láàárín wọn, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Abẹ́rìn-ín, ló kọ́kọ́ na ọwọ́.

“Fún mi ní ọ̀kan níbẹ̀. Orin yẹn ń yún mi lẹ́nu.”

Ó gbè é. Ẹnì kejì gbè é. Kò pẹ́, gbogbo oríta ń gbè é:

Igbá ti oko dé o,
Ẹ bá mi fọgbá.
Ará ilé fẹ́ mumi o,
Ẹ bá mi fọgbá.

Wọ́n fọ igbá tán, wọ́n gbé igi wọn rù, orin náà sì bá wọn lọ sílé. Láàárín oṣù kan, kò sí ibi tí wọ́n ti ń fọ igbá ní Òkè-Ìràwé tí wọn kò ti kọ ọ́. Tí wọ́n bá bèèrè pé orin ta ni, wọ́n á ní, “Orin ọmọ onígbá ni. Àwẹ̀ró.”

Ìnàkí wá lẹ́ẹ̀kejì. Ilé ni ó wá báyìí.

“Àwẹ̀ró, wá sábẹ́ mi. N ó fún ọ ní ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìwọ ni wàá máa lé orin.”

“Ẹ ṣé, bàbá. Orúkọ ta ni wọn yóò máa pè?”

“Orúkọ mi ni. Ṣé kí wọ́n máa pe tìyá rẹ ni?”

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣì máa kọ ọ́ ní oríta ná.”

Nígbà tí Ìnàkí lọ, ìyá rẹ̀ jókòó tì í. “Àwẹ̀ró ọmọ mi, ilé wa ń jò. Kí ló dé tí o kò gba ìjókòó?”

“Ìyá mi, igbá tí ẹ ń ṣe, ṣé ẹ lè jẹ́ kí ẹlòmíràn fín àmì tirẹ̀ sí i?”

Ìyá rẹ̀ wo ìdí igbá tó wà níwájú rẹ̀, níbi tí àmì ìlà méjì tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ wà. Ó dìde, ó lọ fi ewé dí ibi tí ilé ti ń jò.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, Àwẹ̀ró gbé igbá lọ sí àwọn ìlú tó wà lẹ́yìn òkè. Kò tíì dé ìlú kìíní, ó gbọ́ tí àwọn ọmọdé ń kọ orin rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pọnmi. Ó dúró sẹ́yìn igi, ó ń gbọ́. Orin náà ti ṣáájú rẹ̀ dé. Ó bi wọ́n pé, “Ta ló dá orin yẹn?”

“Àwẹ̀ró ti Òkè-Ìràwé ni. Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni?”

“Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀.”

“Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n,” ọmọ kan sọ. “Wọ́n ní ó ga ju ilé lọ.”

Nígbà tó gbé igbá kalẹ̀, tó da orin, tí wọ́n gbọ́ ohùn náà, ìlú jáde sí i. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí ní ìlú kejì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí ní ìlú kẹta. Kò wọ aṣọ ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀, kò gun ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ àti orin rẹ̀ ló gbé e lọ.

Bó ṣe padà dé ni Ìnàkí dá a dúró lójú ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

“Wá sábẹ́ mi.”

“Orúkọ ta ni wọn yóò máa pè, bàbá?”

Ìnàkí lu àyà, gbì, gbì, gbì. “Wàá rí orúkọ tí wọn yóò máa pè.”

Ọdún omi tuntun ti súnmọ́. Lọ́jọ́ ọdún yìí, Oníràwé, ọba ìlú, máa ń fi igbá tuntun bu omi òjò àkọ́rọ̀ fún àwọn ará ìlú mu. Kí ọba tó bu omi, ìlú á kọ́kọ́ jọ fọ àwọn igbá náà níwájú rẹ̀. Lọ́dún náà, ìyá Àwẹ̀ró ni ààfin pè pé kó kó igbá wá.

Òfin kan wà lọ́jọ́ ọdún. Orin tí ẹnì kan bá kọ́kọ́ kọ níwájú ọba, tó sì sọ pé òun ló dá a, ó di tirẹ̀ títí láé. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kọ ọ́ mọ́ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni náà, ìbáà ṣe nínú yàrá rẹ̀. Ìnàkí sì ni ó ń to àwọn akọrin. Ó fi ara rẹ̀ ṣíwájú. Ó ní Àwẹ̀ró kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà, ẹ̀yìn gbogbo èrò ni kó dúró sí.

Ẹ ti rí ohun tó fẹ́ ṣe. Tó bá ṣeé ṣe fún un, Àwẹ̀ró kò ní lè kọ orin ara rẹ̀ mọ́, àní létí odò, àní pẹ̀lú Kọ̀ǹkọ̀.

Ìnàkí kó àwọn elégbè rẹ̀ jọ, ó ń kọ́ wọn. Ìjímèrè gbè é bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ìlú: “Ẹ bá mi fọgbá.”

“Kí ló dé tí ohùn yín ń wọ́lẹ̀ báyìí?” Ìnàkí bi wọ́n. “Iwájú ọba la ń lọ. Ẹ gbé e sókè.”

Ìjímèrè họ orí. “Bàbá, tí a bá gbé ibẹ̀ yẹn sókè, ọ̀rọ̀ náà á...”

“Ta ló bi ọ́? Orin ta ni?”

“Orin yín ni, bàbá.”

“Ẹ gbé e sókè.”

Ìjímèrè wo ilẹ̀ bó ṣe máa ń wò ó. Wọ́n gbé e sókè.

Ọjọ́ ọdún pé. Wọ́n to igbá síwájú ọba, funfun báláú, gbogbo rẹ̀ ní àmì ìlà méjì nídìí. Ìnàkí jáde, àyà rẹ̀ ń dán.

Ọba bi í, “Ta ló dá orin tí o fẹ́ kọ?”

“Èmi ni, Kábíyèsí.”

“Ṣé ìwọ ni?”

“Èmi ni, Kábíyèsí.”

“Mo tún bi ọ́. Ṣé ìwọ ni?”

“Èmi Ìnàkí ni, Kábíyèsí. Kò sí ọwọ́ ẹlòmíràn níbẹ̀.”

Lẹ́yìn èrò, Àwẹ̀ró gbé ẹsẹ̀ síwájú. Ìyá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Ìnàkí fẹ àyà, ó la ẹnu:

Igbá ti oko dé o,
Ẹ bá mi fọ́gbá.
Ará ilé fẹ́ mumi o,
Ẹ bá mi fọ́gbá.

Nítorí pé orin tí ìlú fẹ́ràn ni, gbogbo ìlú ti gbè é kí wọ́n tó ronú. Ohùn àwọn elégbè ti lọ sókè, ohùn ìlú bá a lọ sókè. Ọ̀rọ̀ sì ti jáde lẹ́nu. Olúkúlùkù mú igbá lọ́wọ́, wọ́n ń wo ara wọn.

“Kí ni orin ní ká ṣe?” ọkùnrin kan bi ẹnì kejì rẹ̀.

“Ó ní ká fọ́ ọ.”

“Ká fọ̀ ọ́ ni, àbí ká fọ́ ọ?”

“Ìwọ náà gbè é. Kí ni ìwọ wí?”

Ọkùnrin náà ronú díẹ̀. Ó gbé igbá sókè, ó là á mọ́lẹ̀. Pàkà! Ẹlòmíràn là á mọ́lẹ̀. Pàkà! Nígbà tó yá, gbogbo iwájú ààfin ń dún: pàkà, pàkà, pàkà. Ìnàkí rò pé àtẹ́wọ́ ni. Ó di ojú, ó túbọ̀ gbé ohùn sókè.

Nígbà tó la ojú, kò sí igbá kan tó kù ní odidi.

Ọba dìde. Ó ní, “Ẹni tó ni orin yìí ni yóò dá igbá mi padà kí oòrùn tó wọ̀. Tí kò bá lè ṣe é, kó fi ìlú sílẹ̀. Ìnàkí, ṣé ìwọ lo dá a?”

Ìnàkí ní, “Kábíyèsí, èmi kọ́.”

“Ìwọ kọ́?”

“Èmi kọ́, Kábíyèsí. Àwẹ̀ró ọmọ onígbá ni.”

“Ṣé kò sí ọwọ́ rẹ níbẹ̀?”

“Òun ló dá gbogbo rẹ̀, Kábíyèsí. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kún un. Ẹ bi ìlú.”

Báyìí ni Ìnàkí ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ dá orin padà fún olórin, níwájú ọba, lọ́jọ́ ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe dá a padà: ó di ẹrù lé e.

Ìyá Àwẹ̀ró sọ sí i létí pé, “Dákẹ́. Sọ pé o kò gbọ́ orin náà rí. Jẹ́ kó ru ẹrù rẹ̀.”

“Ìyá mi, tí mo bá sẹ́ ẹ lónìí, kí ni n ó máa kọ lọ́la?”

Àwẹ̀ró la èrò kọjá, ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn igbá tó fọ́, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. “Kábíyèsí, orin mi ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe dá a.”

“Kọ ọ́ bí o ṣe dá a.”

Ó kọ ọ́, ohùn rẹ̀ balẹ̀ níbi tó yẹ kó balẹ̀. Láti abẹ́ ìkòkò omi ọba, ohùn kan gbè é, ohùn tí kì í gòkè. Kọ̀ǹkọ̀ ni, ibi tó sá pamọ́ sí rèé láti àárọ̀. Ìlú gbọ́ ìyàtọ̀. Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ọba mi orí. “Mo ti gbọ́. Orin rẹ mọ́. Ṣùgbọ́n igbá mi ṣì fọ́, oòrùn sì ń lọ.”

Àwẹ̀ró mú àfọ́kù méjì, ó fi wọ́n kan ara wọn, ó wò wọ́n. Kò tíì sí orin fún irú èyí. Ó di ojú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló da orin tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí:

Igbá wa ti ya o,
Ẹ bá mi dígbá.
Ẹ mú òòlu, ẹ mú ìko wá,
Ẹ bá mi dígbá.
Èyí tó fọ́ kò tíì sọnù o,
Ẹ bá mi dígbá.
Ará ilé ṣì fẹ́ mumi o,
Ẹ bá mi dígbá.

Ta ni yóò gbè é? Ẹni tó bá gbè é, iṣẹ́ dé fún un. Ìyá Abẹ́rìn-ín, arúgbó oríta, ló kọ́kọ́ gbè é. Ó ti ń jókòó sílẹ̀ bó ṣe ń gbè é. Ìlú gbè é. Ìjímèrè kúrò lẹ́yìn Ìnàkí, ó wá jókòó, ó gbè é. Wọ́n sáré mú òòlu wá, wọ́n ya ìko, wọ́n ń lu ihò, wọ́n ń rán an, fìì, fìì, fìì. Ọba fúnra rẹ̀ gbàgbé ara rẹ̀, ó gbè é. Gbogbo ènìyàn yíjú sí i. Àṣà ni àṣà. Ọba ká apá aṣọ sókè, wọ́n gbé òòlu fún un.

Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo igbá ti pé. Wọ́n bu omi sí i, kò jò. Ọba mu, ìlú mu.

Ọba ní kí Àwẹ̀ró wá máa gbé ààfin, kó máa kọrin fún òun. Àwẹ̀ró ní, “Ẹ ṣé, Kábíyèsí. Orúkọ ta ni wọn yóò máa pè?”

Ọba rẹ́rìn-ín. “Orúkọ rẹ ni.”

“Kábíyèsí, ó ti tó mi. Ẹ jẹ́ kí n padà sí etí odò, ibẹ̀ ni orin ti ń jáde. N ó máa wá lọ́dọọdún.”

Ìjímèrè náà dìde. Ó wo iwájú, kò wo ilẹ̀. “Kábíyèsí, orin ìkórè yẹn, èmi ni mo dá a.” Ẹtù náà dìde. Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni Ìnàkí ti yọ́ lọ sínú igbó.

Láti ọjọ́ náà ni Ìnàkí kò ti fi ọ̀rọ̀ sí orin mọ́. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ ń bà á. Tí ẹ bá dé ibi tó wà nínú igbó, àyà nìkan ló ń lù: gbì, gbì, gbì. Láti ọjọ́ yẹn náà sì ni wọ́n ti ń fi igbá tí wọ́n rán ṣe ọdún omi ní Òkè-Ìràwé. Tí àlejò bá bèèrè ìdí tí ọba fi ń fi igbá tí wọ́n fi ìko dí mumi, wọ́n á ní kó jókòó, wọ́n á da orin Àwẹ̀ró fún un.

Ẹ̀kọ́ tí ààlọ́ yìí kọ́ wa ni pé kí a má ṣe jí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọlàkejì wa, nítorí ẹni tó jí i kò mọ ibi tó ti ń fọ́. Ó tún kọ́ wa pé ohun tí a bá fúnra wa ṣe, kí a máa sọ pé tiwa ni lọ́jọ́ tó dùn àti lọ́jọ́ tó korò. Àwẹ̀ró sọ pé tòun ni lọ́jọ́ tó korò. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ orúkọ rẹ̀ tí mo fi sọ ọ́ fún yín.

Ibi tí ààlọ́ mi fẹ̀yìn tì rèé. Tí mo bá gbé ohùn ibì kan sókè ju bó ṣe yẹ lọ, kí igbá omi tó wà lọ́wọ́ mi yìí fọ́.

Ẹ wò ó. Kò fọ́. Ẹ bu omi sí i fún mi.